Gbólóhùn Tó Ṣeé Takò

Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga dá gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nínú ìwé Jildou Hoekema padà fún ìgbà kejì ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àlàyé wọn kò gùn: kò sẹ́ni tó lè takò ó.

Òfin yunifásítì náà ṣe kedere. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ fi ewé ìwé kan sínú àpilẹ̀kọ rẹ̀, kó to àwọn gbólóhùn àríyànjiyàn sórí rẹ̀. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣeé takò, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé gbèjà. Èyí tó gbẹ̀yìn kì í jẹ mọ́ iṣẹ́ ìwádìí rárá; ibẹ̀ ni àṣà ti gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣàwàdà díẹ̀. Ọdún mélòó kan ni Jildou ti fi ṣèwádìí lórí ilẹ̀ pápá agbègbè Friesland tó ń rì, ṣùgbọ́n kò sí orí kan nínú ìwé náà tó fún un ní wàhálà tó àwàdà yìí.

"Kí lo tiẹ̀ kọ?" Maud béèrè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, yàrá kan náà ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, òun ni yóò sì dúró tì í lọ́jọ́ ìgbèjà, nígbà tí yóò gbèjà ìwé rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Mo kọ ọ́ pé màlúù kò bìkítà fún ìwé ẹ̀rí."

"Òótọ́ kúkú ni."

"Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Wọ́n ní òótọ́ ni, kò ṣeé takò."

"Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Pé oorun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló dùn jù láyé. Wọ́n ní ìyẹn ò ṣeé gbèjà."

Maud gé búrẹ́dì rẹ̀ jẹ. "Ìwọ tí ò ń sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé. Wọ́n ti mọ̀ ẹ́."

Bí gbólóhùn tuntun kò bá dé ọ́fíìsì kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, gbọ̀ngàn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìgbèjà yóò bọ́ lọ́wọ́ Jildou, ìgbèjà rẹ̀ yóò sì di ìgbà ìwọ́wé. Òun fúnra rẹ̀ lè fara dà á. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Láti ìgbà tí Sjoerd Hoekema ti jogún oko, kò tíì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun fún wàrà màlúù. Nígbà ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, kí wọ́n tó gé kéèkì ló ti wà lójú ọ̀nà ilé. Nígbà tí Jildou gba oyè àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ nìkan ló wá. Ní ti èyí, bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ ọkùnrin kan ní abúlé kejì pé kó bá òun fún wàrà lọ́jọ́ ìgbèjà, ọkùnrin náà sì ní ọjọ́ yẹn nìkan lòun ráyè. Bí wọ́n bá sún ọjọ́ náà, Jildou mọ̀ pé bàbá òun kò tún ní bẹ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Meinsma, alábòójútó rẹ̀, kò rí ìṣòro kankan níbẹ̀. "Kọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́," ó ní. "Gbogbo èèyàn ló máa ń bínú nítorí kẹ̀kẹ́."

"Gbogbo èèyàn náà ló ti kọ ọ́, Ọ̀gá."

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ pè é.

"Ṣé wọ́n ti gbà á?"

"Wọn ò gbà á. Wọ́n ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ lè takò ó."

"Ìyẹn ló le? Sọ nǹkan kan."

"Òjò ti pọ̀ jù lọ́dún yìí."

"Irọ́. Kò tíì tó."

"Kọfí Màmá dùn."

"Ó ti ṣàn jù."

"Mo gbọ́ o," ohùn ìyá rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn.

Jildou rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e yọ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó. "Ó dáa. Àgbẹ̀ kọ́ ló ni màlúù. Màlúù ló ni àgbẹ̀."



"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìranù."

"Ẹ takò ó nígbà náà."

"Mo ti takò ó. Mo ní ìranù ni. O ti kọ odindi ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kí omi ga sí i nínú pápá wa, mi ò sọ nǹkan kan. Ní báyìí màlúù ló wá ni mí. Kọ ọ́ síbẹ̀. Kọ ọ́ dáadáa."

Ó pa fóònù. Jildou jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyáàfin Cornelissen dáhùn láti ọ́fíìsì: "A ti gbà á. Inú oko ni wọ́n bí ọkọ mi sí. Àtàná ló ti ń takò ó."

Láti ìgbà náà, bàbá kò pè mọ́. Nígbà tí Jildou bi ìyá rẹ̀ léèrè, ìyá ní, "Kò sọ pé òun ń bọ̀, kò sì sọ pé òun ò bọ̀. Ó kàn ń bá àwọn màlúù sọ̀rọ̀ ṣáá."

Ní ọjọ́ ìgbèjà, ìyá rẹ̀ nìkan ló jókòó ní ìlà kejì, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé nínú aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ni Sjoerd Hoekema yọjú, nínú kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀. Ó jókòó láìwo ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè nípa omi àti ilẹ̀ lọ ní ìrọ̀rùn. Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n van Rossem, obìnrin tó wá láti yunifásítì mìíràn.

"Olùdíje, mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn. Ṣé àgbẹ̀ ni bàbá yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, alátakò mi tó kún fún ìmọ̀," Jildou dáhùn, bí òfin ṣe ní kí olùdíje máa pe ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè.

"Ṣé ó wà níhìn-ín?"

"Ó wà níhìn-ín."

"Bí màlúù bá ni ín, ta ló fún un láyè láti wá?"

Ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn. Jildou bojú wo ìlà kejì. Bàbá rẹ̀ tẹrí ba, ìmọ́lẹ̀ fóònù ń tàn sí i lágbọ̀n.

"Alátakò mi tó kún fún ìmọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tó ń wò."

Gbogbo orí yí padà. "Ilé màlúù ni," ìyá rẹ̀ sọ fún àwọn tó sún mọ́ ọn, kò sì rọra sọ ọ́. "Ó ti so kámẹ́rà síbẹ̀."

Sjoerd gbójú sókè. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́ ni."

"Ẹ má bínú, sà," alága ìgbìmọ̀ sọ. "Òfin kò gba àwọn òǹwòran láyè láti sọ̀rọ̀."

Sjoerd wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa fóònù náà, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀, ìyẹn jù ú sínú báàgì, ó sì fa síìpù rẹ̀ pa. Sjoerd ká ọwọ́ lẹ́rán.

"Olùdíje?" Ọ̀jọ̀gbọ́n van Rossem ní.

Jildou ṣì ní èsì. Ó lè sọ pé ara nìkan ló wà lórí àga yẹn, pé ọkàn ṣì wà ní ilé màlúù, kò sì sí ẹni tí yóò lè takò ó.

"Alátakò mi tó kún fún ìmọ̀, mo dúró lórí gbogbo gbólóhùn yòókù. Ní ti èyí, wọ́n ti fi ẹ̀rí takò ó. Mo gbà."

Obìnrin tó ń gbé ọ̀pá àṣẹ yunifásítì wọlé, ó kéde ní èdè Látìnì pé àkókò ìbéèrè ti tán.

Sjoerd kò béèrè fóònù rẹ̀ títí wọ́n fi gbé oyè fún Jildou, tí wọ́n sì gbé wáìnì àti wàràkàṣì kalẹ̀. Ó ní iyọ̀ wàràkàṣì náà kò tó.