Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Ìyá

Ìyá fi ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó ṣì lágbára, gbá abọ́ àdí náà dànù. Òróró dúdú dà sórí ẹní, ó dà sára ìró Fèyí, ó sì ṣàn wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ.

"Adì," ni Ìyá wí. Ojú rẹ̀ le koko.

"Ìyá, àdí náà mà rèé," ni Fèyí dáhùn, ohùn rẹ̀ ti ń di ẹkún. "Òun náà lẹ dànù yìí."

Obìnrin àgbà náà kọjú sí ògiri.

Fèyí kúnlẹ̀, ó ń fi àkísà nu ilẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìyá ọkọ rẹ̀ dé láti ọsíbítù, tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún àti ahọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló ń tẹnu rẹ̀ jáde. Fèyí kọ́kọ́ gbọ́ ọ sí adìẹ. Ó pa adìẹ, ó sè é lọ́bẹ̀ tó ń ta sánsán. Ìyá tọ́ ọ wò, ó tún ní, "Adì." Háà, àdí ni! Òróró èkùrọ́ tí wọ́n fi ń wọ́ aláìsàn lára. Fèyí ra àdí, ó ń fi wọ́ ọ lápá lẹ́sẹ̀, àmọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kàn án báyìí, Ìyá á tì í dànù. Ìwẹ̀ pàápàá, ó kọ̀ ọ́. Fèyí á gbé ọṣẹ olómi inú ike wá pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì, Ìyá á di ẹnu pọ̀, á di ara pọ̀.

Ẹ má bá Fèyí wí o. Abéèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè ọ̀nà ilé ìdáná ara rẹ̀? Yorùbá ni òun àti Ìyá ti ń bá ara wọn sọ láti ọjọ́ tí Dosu ọkọ rẹ̀ ti mú un wọ ilé yìí ní Mowó. Ègùn Ìyá kì í jáde àfi tí inú bá ń bí i, Fèyí á sì máa rẹ́rìn-ín, á ní òun ò kúkú gbọ́. Dosu tí ì bá gbọ́ ọ sì wà lójú òkun lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀, fóònù rẹ̀ kì í wọlé.

Ohun tó ń pa á lẹ́kún lónìí ni Àǹtí Miriam, ẹ̀gbọ́n Dosu, tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́.

"Ìyàwó," ló wí lórí fóònù lálẹ́ àná, "tí Ìyá ò bá fẹ́ kí o fọwọ́ kan òun, a ò lè fipá mú un. Màá wá gbé e."

Kò bínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dun Fèyí. Ìyá tó bí i ti kú tipẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ yìí ló ń gbé orí rẹ̀ lé itan tú irun fún un, tó ń bá a jà tí kò bá jẹun. Ó fẹ́ràn obìnrin náà, kò sì mọ ohun tí òun fi ṣẹ̀ ẹ́.

Kí ló máa fún un mú lọ? Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ọ̀rá tí Ìyá ń kó àlòkù ọṣẹ sí. Ọṣẹ tó bá ti fẹ́lẹ́ débi tó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́, Ìyá á sá a lóòrùn, á tọ́jú u. "Ọṣẹ kì í kú," ló máa ń wí. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ̀ ń sin ín láàyè."

Fèyí rin gbogbo rẹ̀ bí ẹni rin gàárì. Ó wọ́n omi sí i, ó gbé abọ́ náà ka orí ìkòkò omi gbígbóná, ó ń rò ó pẹ̀lẹ́. Ó kánjú díẹ̀, ó fi kún iná, ọṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Rọra, Ìyá ì bá ní, ta ló ń lé ọ? Ó dín iná kù. Nígbà tó yọ́ tán, ó da òróró àgbọn tí wọ́n gbé wá láti Gbéréfù sí i, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé.

"Adì," ni Ìyá ń wí nínú yàrá. "Adì. Adì."

Fèyí ò lọ. Kò tún lágbára àdí mọ́.

Bí Àǹtí Miriam ṣe wọlé nìyẹn, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí.

"Ìyàwó, o ò gbọ́ pé Ìyá ń béèrè ọṣẹ ni?"

"Ọṣẹ kẹ̀?"

"Adì. Ohun tí à ń pe ọṣẹ ní Ègùn nìyẹn."

Fèyí gbé igi tó fi ń ro ọṣẹ kalẹ̀. "Adìẹ ni mo kọ́kọ́ sè fún wọn," ló wí. "Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo lọ ra àdí."

Àǹtí Miriam wo ojú rẹ̀, ó wo ìró rẹ̀ tí òróró ti bà jẹ́, ẹ̀rín sì gbé e débi tó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Fèyí náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, omi ojú tirẹ̀ ò dá.

Wọn ò dúró kí ọṣẹ náà le. Fèyí bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fẹ́ ẹ títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n gbé Ìyá jókòó sórí àpótí ní balùwẹ̀. Ìyá gbóòórùn rẹ̀ pé kì í ṣe ọṣẹ inú ike, ó di ojú, ó sì jọ̀wọ́ ara. Fèyí fọ ọrùn rẹ̀, ó fọ abíyá, ó fọ apá tó rọ náà, kò sẹ́ni tó tì í.

"Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí àìsàn yìí ti dé," ni Àǹtí Miriam wí lẹ́yìn wọn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo jókòó tì í ní ọsíbítù, mo sọ Ègùn títí ẹnu fi ro mí. Kò dá mi lóhùn. Ìwọ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀."

Ọwọ́ Fèyí dúró lẹ́yìn Ìyá. Gbogbo ọjọ́ tó ti rò pé wọ́n ń lé òun, òun ni wọ́n ń pè. Ọ̀rọ̀ kan ló kù lẹ́nu obìnrin yìí, òun Fèyí ló sì ń sọ ọ́ fún.

Ìyá mi èjìká, pé kí ló dé tó dáwọ́ dúró. Àǹtí Miriam bọ́ bàtà, ó wá di kẹ́tù omi mú fún wọn.

"Lọ́la ni màá padà," ló wí. "Èmi nìkan."

Fèyí tún bu ọṣẹ sọ́wọ́.

"Àǹtí mi," ló wá wí, "kí lẹ̀ ń pe omi?"

"Osìn."

"Osìn," ni Fèyí wí sétí Ìyá, ó sì rọra dà á sí i lẹ́yìn.