Ojú Tí Kò Ní Ilà

Inú tó bí mi lọ́jọ́ náà kò tíì rọ̀, bẹ́ẹ̀ mo ti jẹun lé e, mo ti sùn lé e. Wọ́n fẹ́ dá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà sílé bí ìgbà tí èèyàn bá dá aṣọ tó fún un lọ́rùn padà fún télọ̀, nítorí pé kò kí èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, àgbà òṣìkà kò sì wọ́n nílé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí.

Mubarakah ni orúkọ ọmọ náà. Abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i, níbi tí wọ́n ti bí èmi náà. Ìgbà tí bàbá ẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kú, èmi Àmúsà, tí mò ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì ní Ẹ̀gbẹ́dá, ni mo di bàbá fún un. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkòtún tó ti ń dirun. Ibẹ̀ ni Yahya, tó ń tún fóònù ṣe, ti rí i. Ó fẹ́ ẹ, a so yìgì wọn, gbogbo wa yọ̀. Ìyá ọkọ ẹ̀, Àdíját, ọmọ Ìbàdàn ni, Ìgàndó ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ iléèwé. Níbẹ̀rẹ̀, "ìyàwó mi àtàtà" ló ń pè é.

Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ìyá Yahya ti ìrun Jímọ̀ bọ̀, ó yà sí ọjà Ìkòtún láti ra òwú. Híjáàbù gígùn ló wọ̀. Awò ojú tó máa ń fi okùn so kọ́ ọrùn lójoojúmọ́, ó ti bọ́ ọ sílé. Láàrin ọ̀nà tóóró tó wà níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń ta bàtà, òun àti Mubarakah pàdé, ojú ko ojú. Ìyá Yahya dúró. Ó dákẹ́, ó ń retí kí ìyàwó ọmọ òun kúnlẹ̀. Ọmọ náà wo ojú ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yà díẹ̀." Ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ ẹ̀ kọjá lọ.

Mi ò ní í purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ ńlá ni láàrin wa. Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé. Ìyàwó tó bá sọ fún ìyá ọkọ ẹ̀ lọ́jà pé kó yà lọ́nà, tí kò kí i, ilé tó ti wá ni wọ́n máa ń fi bú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí sí Ìgàndó lọ́jọ́ Sunday.

Mo wọlé, mo bá àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ àpótí náà, torí èmi ni mo rà á fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Mubarakah wà lórí ìkúnlẹ̀ láàrin pálọ̀. Ìyá Yahya jókòó lókè, Ọláṣùmbọ̀ àbúrò ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Bàrákàt tó jẹ́ àbúrò Yahya fẹ̀yìn ti ògiri. Yahya fúnra ẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, ó tẹrí ba bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ẹ̀gbẹ́dá," Ìyá Yahya wí. "Ẹ ò ní í pẹ́. Ẹrù ọmọ yín ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ mú un lọ, kí ẹ lọ kọ́ ọ ní ìkíni. Tó bá mọ̀ ọ́n, kó máa bọ̀."

"Ìyá Yahya, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ọmọ ná."

"Ẹnu tí kò ṣí lọ́jà, ṣé ibí ló fẹ́ ti ṣí?"

Bàrákàt gbà á lẹ́nu ìyá ẹ̀. "Kì í ṣe màámi nìkan, Bàbá. Èmi náà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo juwọ́ sí i. Ó wò mí sùn-ùn bí àgùntàn, ó padà sídìí irun tó ń dì."

"Mà, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni," Mubarakah wí fún ìyá ọkọ ẹ̀.

"O wo ojú mi, àbí o ò wò ó?"

"Mo wò ó, mà."

"Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Ẹ ti gbọ́. Ojú ò dùn ún, ó wo ojú mi, kò mọ̀ mí. Èmi tí mo bí ọkọ tó fẹ́."

Ọláṣùmbọ̀ pòṣé. "A ní ará oko ló mọ èèyàn kí jù. Èyí dé Èkó tán, ó ti di mádàámù."

Mo ní oko tó ń bú yẹn, ibẹ̀ ni iṣu tó jẹ láàárọ̀ ti wá. Mo yíjú sí Yahya, mo bi í pé kí lòun rí sí i. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ nǹkan tí mo lè sọ." Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí n rímú mí nígbà tó ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ìgbà náà ni Mubarakah gbé orí sókè. Kò sunkún. Inú ń bí òun náà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, ó ti sú mi. Mo ń rí ojú. Mo ń rí imú, mo ń rí ẹnu, mo ń rí i bí inú bá ń bí èèyàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbójú kúrò, ojú yẹn ti lọ. Bó bá tún padà dé, àfi bíi pé mi ò rí i rí. Ohùn ni mo fi ń mọ èèyàn. Ìrìn ẹ̀ ni, irun ẹ̀ ni. Nílé wa, ilà ni."

"Ilà báwo?" mo bi í.

"Gbogbo àgbà tó tọ́ mi ló kọlà, Bàbá. Gọ̀mbọ́ tiyín, ti apá òsì kúrú ju ti ọ̀tún lọ, ọ̀kan sì wọ́ díẹ̀ nísàlẹ̀. Ti Ìyá Àgbà jìn, ó fẹ̀. Bí mo bá ti rí ilà, mo ti rí èèyàn. Mo wá dé Èkó, gbogbo ojú ń dán. Gbogbo ẹ̀ rí bákan náà lójú mi bí àwo tí wọ́n tò sórí àtẹ."

Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì. Òótọ́ ni. Wọ́n ní mo ja olóòlà lọ́wọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀bẹ ẹ̀ sì yẹ̀. Ìyàwó tí mo fẹ́ kò kíyè sí i rí.

"Kí ló dé tí a ò fi mọ̀ látilẹ̀?" mo ní.

"Nílé, gbogbo ẹni téèyàn bá pàdé ló ń kí, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìkòtún, gbogbo èèyàn ni mo ń kúnlẹ̀ kí. Ìyá kan gé búrẹ́dì fún mi, ó rò pé alágbe ni mí. Mo bá jáwọ́."

Bàrákàt rẹ́rìn-ín. "Irọ́ yìí mà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o. Ta ni kì í mọ ojú? Ajá gan-an mọ ojú olówó ẹ̀."

Ajá. Wọ́n fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wé ajá lójú mi, mo sì jókòó. Torí pé ẹjọ́ ọmọ ni mo bá lọ ni mo ṣe gbé e mì.

Bàrákàt náà ló ní kí wọ́n dán an wò, kí irọ́ náà lè tú. Ìyá ẹ̀ àti Ọláṣùmbọ̀ wọ yàrá lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, Ọláṣùmbọ̀ ló wọ bùbá ìyá, ó wé gèlè ìyá, ó so awò ojú ìyá kọ́ ọrùn. Ìyá Yahya wọ híjáàbù. Àwọn méjèèjì dúró, wọn ò fọhùn. Mubarakah wò wọ́n títí. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Ọláṣùmbọ̀.

"Ẹ dákun, màámi, ẹ má bínú."

Ìyá Yahya ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Eré ni. Ẹni tó bá fẹ́ tan wá jẹ, ṣé iwájú mi ló máa kúnlẹ̀ sí?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní ìdí o, bó tilẹ̀ dùn mí. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi hàn pé òun kò mọ nǹkan?

Yahya dìde. Ó fi ìka fẹ àwòrán kan lórí fóònù ẹ̀ títí ó fi ku ojú nìkan, kò sí gèlè, kò sí etí, kò sí ọrùn. Ó nà án sí ìyàwó ẹ̀.

"Ta nìyí?"

Ó wò ó. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Tún un wò."

"Obìnrin ni. Ó rẹwà díẹ̀, àmọ́ ó jọ ẹni tí ebi ń pa. Ṣé ẹbí yín ni?"

Yahya yí fóònù náà sí wa. Ojú Mubarakah ni, àwòrán ọjọ́ yìgì. Bàrákàt bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Nígbà tí ọkọ ẹ̀ dá àwòrán náà padà sí bó ṣe wà, tí aṣọ fi hàn, ọmọ náà ní, "Háà, èmi ni." Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó gba fóònù, ó tún fẹ ojú náà, ó ń fi ìka tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó ń wá ara ẹ̀ níbẹ̀, kò rí i. Kò sí ẹni tó lè pirọrọ báyẹn.

"Mo mọ̀," Yahya wí. "Mo ti mọ̀ kí n tó fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí mo fá irùngbọ̀n mi, ó bi mí pé ta ni mo wá bá ní ṣọ́ọ̀bù. Mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò. Wọ́n ní ojú ẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Wọ́n ní ojú ń wò ó dáadáa, ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ojú èèyàn sí ni kò gbà á dúró, àfàìmọ̀ kó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ojú ló ń tì mí láti sọ."

Ẹ gbọ́ mi. Ojú ń tì í. Wọ́n di ẹrù ìyàwó ẹ̀ sínú àpótí, wọ́n pè é ní agbéraga, wọ́n pè é ní ajá, ó ń wo ilẹ̀, torí ojú ń tì í. Mo sọ fún un pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo sọ tèmi lójú ìyá ẹ̀, mi ò sì tọrọ gáfárà.

Ìyá Yahya ṣì wà nínú híjáàbù yẹn. Ó tú u lọ́rùn. "Ta ni kí n wá bínú sí báyìí?" ló wí. "Àbí kí n lọ kọlà lọ́jọ́ ogbó ni?"

"Rárá, mà," Mubarakah dáhùn. "Ẹ sáà ti sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti gbóhùn yín, mo ti mọ̀ yín."

"Kí èmi kọ́kọ́ kí ọ?"

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ há sí. Ọmọ kò lè mọ àgbà àfi bí àgbà bá fọhùn, àgbà kò sì ní í fọhùn àfi bí ọmọ bá kí i. Mo sọ fún Ìyá Yahya pé bí ó bá jẹ́ pé arọ ni ọmọ yìí, kò ní í di ẹrù ẹ̀ torí pé kò sáré pàdé òun. Kò ní kó máa lọ, kò ní kó dúró. Mo bá ní kí Yahya gbé àpótí náà padà sílé wọn ní Ìkòtún, kó gbé e lórí, kó má gbé e lọ́wọ́, kí gbogbo àdúgbò rí i.

Ìgbà tó yá, mo lọ ra ìṣó lọ́jà Ìkòtún. Mo rí Ìyá Yahya lókèèrè nínú híjáàbù, Mubarakah ń bọ̀ níwájú ẹ̀. Ìyá Yahya dúró. Ó dákẹ́. Ọmọ náà sún mọ́ ọn, ó ti fẹ́ kọjá. Ìgbà náà ni ìyá wúkọ́.

"Ìyá ọkọ ẹ rèé o. Inú sì ń bí mi."

Kó tó sọ ọ́ tán, ọmọ náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ẹ kú ọjà, màámi."

"Dìde jàre, aṣọ ẹ. Wọ́n á ní mò ń fìyà jẹ ọ́."

Mo ra ìṣó mi, mo lọ. Ti ìyá ti tán lọ́kàn mi. Bàrákàt ló kù. Títí di òní, ó máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, yóò dúró, yóò juwọ́, yóò sì pa ẹnu mọ́, pé kí òun wò ó bóyá Mubarakah máa mọ òun.