Ohun Tó Ń Kan Ògiri ní Kọ́rídọ̀

Ẹni tó bá rí yìnyín lára ẹ̀rọ amúlétutù nínú oṣù Ẹrẹ́nà, tí oòrùn Ayọ̀bọ̀ ń bó èèyàn lórí, lè rò pé àǹfààní ni. Irọ́ ni, jàre. Ẹ̀rọ tó bá ti di yìnyín kò lè tu ẹnikẹ́ni lára mọ́. Omi á máa kán láti òkè àjà, ooru á sì gba gbogbo ilé. Ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ Màmá Tìmílẹ́yìn nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú sì ti ń ti Jàfárù tó ń bá a tún un ṣe.

Jàfárù kì í ṣe oníjìbìtì o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkòtún, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tó ń ṣe gbogbo àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ yìí: bí yìnyín bá ti yọjú báyìí, "gáàsì ti lọ sílẹ̀" ni wọ́n máa wí, kí wọ́n tó gbé àkàbà sílẹ̀ pàápàá. Lẹ́ẹ̀kíní, Jàfárù rọ gáàsì sí i. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tún rọ ọ́, bẹ́ẹ̀ géèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀ ẹ́ pé òun ti yó.

Báyọ̀dé, ọkọ Màmá, ló gbé ẹ̀rọ náà sílé. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, òkè àjà ló wà, òun ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí gbogbo yàrá. Nígbà yẹn, àwọn èèyàn fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kọ́lé sínú igbó, ó tún ń wá òtútù. Nígbà tó kú lésìí, ẹ̀rọ yẹn ni Màmá ń gbọ́ nínú ilé bí ẹni ń gbọ́ ohùn èèyàn. Ní báyìí, Tìmílẹ́yìn ọmọ wọn tó ń gbé ní Ẹ̀gbẹdá ti ní ó tó gẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn kan máa wá tú u, wọ́n á sì fi kékeré kan sí yàrá Màmá. Màmá kò bá ọmọ jiyàn. Ọjọ́ Wẹ́sidé ló pe Jàfárù.

"Jàfárù, ọwọ́ ẹ ni mo wà," ó ní. "Bí wọ́n bá tú ẹ̀rọ yẹn, wọ́n ti kó Dádì Tìmílẹ́yìn jáde nínú ilé yìí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jàfárù lákínyẹmí ara. Kò gbé gáàsì dání rárá lọ́tẹ̀ yìí. Ó pa ẹ̀rọ títí yìnyín fi yọ́ tán. Ó yọ àwọ̀n tó ń sẹ́ eruku, ó mọ́. Ó wo fáànù, ó ń yí. Ó dín gáàsì àṣerégèé tó fọwọ́ ara ẹ̀ rọ kù. Kò rí nǹkan kan. Ó jókòó sórí àkàbà, ó wá béèrè ohun tó yẹ kó ti béèrè látọjọ́ kìíní, pé kí ló yí padà nínú ilé kí wàhálà yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Màmá ronú títí, ó ní kò sí. Àfi ti fọ́tò Dádì tí wọ́n gbé wálé lẹ́yìn ìsìn ìrántí ọdún kan. Ó nawọ́ sí kọ́rídọ̀. Fọ́tò ńlá ni, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, àga tí Màmá ti máa ń mu tíì ló sì kọjú sí. Jàfárù mọ̀ ọ́n dáadáa. Gbogbo ìgbà tó bá wá ló máa ń kí bàbá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kó tó kọjá.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tan ẹ̀rọ. Kò pẹ́ ni ohun kan dún ní kọ́rídọ̀: kọ̀.

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàbọ̀ o, Dádì," ó ní. Ó wá ṣàlàyé fún Jàfárù pé látìgbà tí wọ́n ti gbé e kọ́, bí ẹ̀rọ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí ni Dádì máa ń kan ògiri.

Inú Jàfárù bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí ó ti mọ̀. Ó lọ fọwọ́ kan etí férémù náà, ó lẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á láti inú. Ẹ̀yìn fọ́tò yẹn ni ihò gbàràmù tí ẹ̀rọ fi ń fa atẹ́gùn ilé wà. Wọ́n ti dí i nímú! Bí atẹ́gùn kò bá wọlé, kí ni kò ní di yìnyín? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kí bàbá, kò wo ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ta ló sì máa lanu sọ fún opó pé kó gbé ọkọ ẹ̀ kúrò lára ògiri?

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe gáàsì. Kì í ṣe gáàsì látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn Dádì ni ẹ̀rọ ti ń mí, fọ́tò ló dí i."

Màmá fọwọ́ lẹ́rán.

"Ṣé òun náà ló ń dún kọ̀ yẹn?"

Jàfárù ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo mọ̀," Màmá ní. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, Jàfárù. Mo mọ̀ pé òkú kì í kan ògiri. Ṣùgbọ́n látìgbà tí Dádì ti lọ, kò sẹ́ni tó tún ń kan nǹkan kan nínú ilé yìí."

Màmá tú gèlè orí ẹ̀, ó fi nu ojú dígí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá ní kí àwọn gbé e. Pálọ̀ ni wọ́n gbé e kọ́ sí, níbi tí ẹni tó bá wọlé á ti kọ́kọ́ rí i. Títí wọ́n fi pe ìrun àsárì, yìnyín kò yọjú, atẹ́gùn tútù sì dé ilé ìdáná. Màmá pe Tìmílẹ́yìn pé kí àwọn èèyàn ẹ̀ má wulẹ̀ wá mọ́.

Ṣùgbọ́n bí Jàfárù ṣe ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ẹ̀rọ tún tan. Màmá gbé ojú sókè sí kọ́rídọ̀, ó sì ń retí. Ohunkóhun kò dún. Jàfárù gbé ohun tó rí yẹn lọ sílé, kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ ọ̀kadà láti Ìkòtún, kò mú spánà kankan dání. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Màmá, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan: kọ̀.

Ó gbọ́ ohùn Màmá láti inú ilé.

"Ẹ káàbọ̀ o."

"Èmi ni, Màmá," Jàfárù ní. "Mo kàn ní kí n wá kí yín ni."