Lẹ́tà Méjì Lábẹ́ Ọ̀pá Ìbọn

Ogójì ọdún ni bàbá mi, Amos Garbett, fi ṣe ọ̀pá ìbọn ní Birmingham, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní London ló máa ń fín orúkọ tirẹ̀ sórí ìbọn. Ẹni tó ṣe ọ̀pá á kàn tẹ lẹ́tà méjì sí abẹ́ rẹ̀, lẹ́tà tí kò tóbi ju èèrà lọ, níbi tí igi tí ọdẹ ń fi ọwọ́ òsì dì mú bò mọ́lẹ̀. A.G. ni ti bàbá mi. Ìlà kékeré kan wà lábẹ́ G náà, torí pé irin tó fi ń tẹ̀ ẹ́ ti sán.

Ó kú ní ọdún 1938. Irinṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo jogún. Ilé iṣẹ́ bọ́tìnnì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé mo máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń lu ẹrù àwọn ilé ńlá ní gbàǹjo, kí n lè wo ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́, èyí tí òòlù kékeré tó ń mú un dún wà níta. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo rí i fúnra mi pé òòlù tó dúró sókè bí etí ehoro ti pẹ́ ju èyí tó tẹ̀ wálẹ̀ lọ, torí pé èyí tó ga máa ń dí ojú ọdẹ. Mo mọ ọ̀pá tí wọ́n lọ́ irin méjì pọ̀ bí okùn láti fi ṣe, mo sì mọ èyí tí wọ́n kàn fi kẹ́míkà ya àwòrán okùn sí lára. Àwọn ọkùnrin tó ń kó ìbọn wọ̀nyí jọ a máa sọ pé ìbọn ní ọkàn. Mi ò rí ọkàn nínú ìbọn kankan rí. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi wá lẹ́tà méjì yẹn.

Nígbà tó yá, Ọ̀gbẹ́ni Lionel Thursby ránṣẹ́ sí mi. Lọ́yà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Ludlow. Ó ní ìbọn mẹ́tàdínlógún, ó sì fẹ́ kí n kọ ọjọ́ orí wọn sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó ìbọn jọ. Ẹnìkan ti sọ fún un pé obìnrin kan wà ní Birmingham tó mọ ìbọn àtijọ́, tí kì í gba owó. Ó fún mi ní tíì àti bísíkíìtì tó le. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo mu tíì mi.

Ìkọkànlá ni èyí tó fẹ́ràn jù. Orúkọ Pell àti Mostyn ti London ló wà lórí rẹ̀. Ó ní inú ṣọ́ọ̀bù wọn ni wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀, ọwọ́ ará ìta kankan kò kàn án rí. Lóòótọ́, àmì ilé ìdánwò ìbọn ti London, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tù púpọ̀ dán ọ̀pá wò bóyá á bẹ́, ló wà lára rẹ̀. Mo yọ igi abẹ́ rẹ̀. A.G. Ìlà kékeré náà wà lábẹ́ G.

Gbogbo ẹni tó wà nínú iṣẹ́ yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Wàá dá igi náà padà, wàá ní ìbọn náà kò burú, wàá rà á, wàá sì délé kó o tó la ẹnu. Bàbá mi gan-an ì bá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ìwé báńkì mi wà nínú báàgì.

“Bàbá mi ló ṣe é,” ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. “Mísì Garbett, ìbọn London nìyí o. Àbí tíì mi ti ń pa yín?”

“London ni wọ́n ti parí ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé wa ní Loveday Street ni wọ́n ti ṣe ọ̀pá ẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà yìí.”

Ó mú awò wá, ó wò ó pẹ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tà á fún mi. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ka ìyẹn sí bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ gba ìwé àṣẹ ìbọn lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Mo kó gbogbo ohun tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi kúrò, kí àyè lè wà fún un.

Nígbà tí mo padà dé, ìbọn náà ń dán. Wọ́n ti tún ọ̀pá rẹ̀ ṣe, iṣẹ́ náà sì dára débi pé ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó lè ṣe é. Mo yọ igi náà. Ibi tí lẹ́tà wà ti tẹ̀ wọnú díẹ̀, ó ń dán bí inú síbí.

“Yapp ni?” mo bèèrè. Bàbá mi ló kọ́ Percy Yapp níṣẹ́.

“Ó ní kò ní hàn.”

“Ṣé ó rí lẹ́tà yẹn kó tó fi fáìlì irin fá a?”

“Ó rí i. Ó ní ó ti pẹ́ tí bàbá yín ti kú, pé kò lè bínú mọ́.”

Mo mú ohun tí bàbá mi fi ń wọn ọ̀pá jáde, mo wọn ibẹ̀. Irin náà ti fẹ́lẹ́ jù, nítòsí ibi tí agbára ẹ̀tù ti ń le. Mo sọ fún un pé kò lè tà á fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé wọ́n tún un dán wò.

“Tó bá bẹ́ ńkọ́?”

“Á bẹ́ nìyẹn.”

Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní kí n kúkú máa mú un lọ, òun ò ní gba nǹkan kan, kí n ṣáà má sọ fún ẹgbẹ́ pé òun ní kí wọ́n fá lẹ́tà náà kúrò. Mo wo ìbọn náà lórí tábìlì rẹ̀.

“Ìbọn London ni, Ọ̀gbẹ́ni Thursby,” mo wí. “Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?”

Mo parí ìwé tí mo ṣèlérí fún ẹgbẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Níwájú ìkọkànlá mo kọ ọ́ pé: Pell àti Mostyn, London. Òòlù rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, kò ṣeé yìn. Àyè kan ṣì wà fún orúkọ ẹni tó ṣe ọ̀pá náà. Mo mú bírò dání títí a fi kọjá ìlú Kidderminster.

Mo kọ ọ́ pé: kò sí àmì. Mi ò purọ́.