Ìyàwó Onímọ́tò

"Wọ́n tún rí ẹ ní Ojúẹlẹ́gba!" Ọláìtán ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sórí tábìlì. "Ò ń fẹsẹ̀ gbá eruku kiri bí ẹni tí ọkọ lé jáde!"

Àṣàbí ń bọ́ bàtà kánfáàsì rẹ̀ lọ́wọ́. "Ta ló rí mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ní aráyé ń sọ pé mo fowó Údójì tí ìjọba san ra mọ́tò, mo wá fi ìyàwó sílẹ̀ lójú títì."

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì wí, Bàbá Àràmídé. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru. Ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa rìn. Àbí kí n ṣubú sídìí ààrò bíi màmá mi?"

"Kí ló ń dùn ẹ́? Àìsàn tí kò dunni, àìsàn wo nìyẹn?"

Àṣàbí gbé bàtà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àkàngbé, ẹ̀gbọ́n yìí, ló tọ́ Ọláìtán dàgbà. Ohun tí wọ́n bá ti sọ, abẹ gé e nínú ilé yẹn. Láti ọjọ́ kejì, mọ́tò ló ń gbé Àṣàbí lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Yábàá. Bàtà kánfáàsì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyàwó Àkàngbé sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, kò sí gèlè lórí rẹ̀. "Ìyàwó, gbà mí o! Ẹnu wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!"

Nígbà tí Ọláìtán fi máa dé ọsibítù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo àjà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, apá ọ̀tún kò gbé mọ́.

"Wọn ò ṣàìsàn rí!" Ọláìtán di orí mú, ó kọjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìyá Ọláṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n mi ò ṣàìsàn rí!"

"Wọ́n ń ṣàìsàn, ọkọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Láti ọdún tó kọjá ni dókítà ti ní kí wọ́n máa rìn, bíi ti ìyàwó yín."

"Kí ló dé tí wọn ò rìn?"

Obìnrin náà wò ó tòkètilẹ̀. "Kí àbúrò wọn máa fi mọ́tò bu eruku sí wọn lára? Wọ́n ní àwọn ò ní gbà kẹ́ ẹ rí àwọn kí àwọn máa fẹsẹ̀ rìn lójú títì láyéláyé."

Àṣàbí yíjú sí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin tó lé e kúrò lójú ọ̀nà, àìsàn kan náà ló ń bá wọn jà! Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń fi aṣọ nu itọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àṣàbí fa bàtà kánfáàsì jáde, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù. Kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti dé àárín àgbàlá kó tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọláìtán ni, kò mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Bàbá Tìrìmísíyù, aládùúgbò wọn, yọ orín lẹ́nu. "Háà, onímọ́tò! Ṣé mọ́tò ìjàpá yín ti kú ni?"

Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Àṣàbí dúró, ó ń retí irọ́ tí ọkọ rẹ̀ máa pa.

"Kò kú," ni Ọláìtán wí. Ó ṣí géètì fún ìyàwó rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e jáde.