Báàfù Pupa Ìyá Inseop

Lọ́jọ́ tí baálẹ̀ ka ìkìlọ̀ ìjọba nínú gbohùngbohùn abúlé, Bang Mallye ń fọ iyọ̀ kúrò lára kábéèjì lọ́wọ́. Baálẹ̀ ní kí gbogbo ìyá ilé gbọ́: wọn kò gbọdọ̀ fi báàfù rọ́bà pupa po kimchi, kábéèjì oníyọ̀ aláta tí wọ́n ń tọ́jú de ìgbà òtútù, mọ́. Ike àlòkù ni wọ́n yọ́ ṣe é, iyọ̀ àti ata sì lè fa oró inú rẹ̀ jáde. Báàfù tí wọ́n bá kọ “fún oúnjẹ” sí nìkan ni kí wọ́n lò. Ó wá fi kún un, bí ẹni pé òun ló bí i, pé Pyo Inseop, ọmọ abúlé yìí tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń mójú tó oúnjẹ, ló kọ ìkìlọ̀ náà.

Inseop ni ọmọ kan ṣoṣo tí Mallye bí. Inú báàfù pupa ni kábéèjì tó ń fọ̀ sì wà.

Inú báàfù yẹn ni wọ́n ti wẹ Inseop lọ́jọ́ tó dáyé, inú rẹ̀ náà ni Mallye ti ń po kimchi bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ó da kábéèjì sílẹ̀, ó dojú báàfù dé, ó wo ìdí rẹ̀. Wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ìyá Yeonju, aládùúgbò rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, na ọrùn lórí ògiri.

“Ìyá Inseop, ọmọ rẹ ní májèlé lo fi tọ́ òun o. Ó mà ga fún ẹni tó jẹ májèlé.”

Eré ni. Báàfù tiẹ̀ náà pupa, àgbàlá ẹ̀yìn ilé ló wà. Àwọn méjèèjì ti ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wọ abúlé náà bí ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yìí wọ Mallye lára, kò sì jáde.

Nígbà tí Inseop wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó wúkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù títí dé òpin rẹ̀, títí ikọ́ náà fi ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹsẹ̀ Mallye kán nígbà náà, kò lè dìde, ọkọ rẹ̀ ló gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ní ìlú Gwangju. Nígbà tí wọ́n padà délé, ọkọ rẹ̀ ní dókítà sọ pé àyà ọmọ náà kò le ni. Ọmọ gbádùn, ṣùgbọ́n láti ọgbọ̀n ọdún ni Mallye ti ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó sọ àyà ọmọ rẹ̀ di aláìle. Gbohùngbohùn ti wá dá a lóhùn.

Ohun tó tún dùn ún jù ni pé báàfù onírin dídán kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Inseop ló rà á wá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mallye ní ó ti rẹwà jù láti fi po ata, ó tọ́jú rẹ̀ tòun tọ̀rá tí wọ́n fi dì í, ó ń fi í de ọjọ́ tí Inseop máa mú ìyàwó wálé. Ìyàwó náà kò tíì yọjú.

Ó kó gbogbo kábéèjì fún Ìyá Yeonju, ó gbé báàfù pupa jù sẹ́yìn ilé, ó sì tẹ ọmọ rẹ̀ láago pé kò sí kimchi lọ́dún yìí, ẹ̀yìn ń dun òun. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nílé náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Inseop dé pẹ̀lú ogún kábéèjì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Kò tíì bọ́ kóòtù tó fi kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé baálẹ̀ máa dárúkọ mi. Mo dójú tì yín.”

“Ta ló ń bínú?” Mallye kò wò ó lójú. “Èmi ni mo ba àyà rẹ jẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń fún ọ jẹ.”

Ó pẹ́ kí Inseop tó mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ìwọ lo kọ ọ́,” ni Mallye wí. “Àbí irọ́ lo kọ?”

“Kì í ṣe irọ́. Báàfù yẹn ò dára fún oúnjẹ, mi ò sì ní torí ẹkún yín sọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ṣe mí. Akàn ni.”

“Akàn wo?”

Ó wá jẹ́wọ́. Lálaalẹ́ tí bàbá rẹ̀ bá ń mutí, a máa ki ọwọ́ bọ ìkòkò, a mú akàn odò tí kò sè, tó kàn rẹ sínú omi ẹ̀wà sọ́yà oníyọ̀, a já ẹsẹ̀ kan fún ọmọ rẹ̀. Kòkòrò wà nínú akàn náà, ó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Oògùn ọjọ́ mẹ́ta ló pa kòkòrò náà. Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ bọ̀, bàbá bẹ ọmọ: bí ìyá rẹ bá gbọ́, níbo la máa sùn? Inseop ṣe ìlérí, ó sì pa á mọ́ kọjá ìgbà tí wọ́n sin ọkùnrin náà.

Mallye dìde, ó lọ dúró níwájú fọ́tò ọkọ rẹ̀ lára ògiri. Ó wò ó títí. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

“Bàbá Inseop,” ó ní, “ẹ dúpẹ́ pé ẹ ti kú. Ọjọ́ ìrántí yín ń bọ̀. Kò sí ọtí níwájú fọ́tò yín lọ́dún yìí, omi lásán lẹ máa mu.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n, kó tó di ẹkún, kó tó tún di ẹ̀rín. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ní kí Inseop gun àga kó gbé báàfù onírin sọ̀kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fa ọ̀rá rẹ̀ ya. Ó ní ìyàwó tó bá ń bọ̀ á bá báàfù náà lẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n fi iyọ̀ sí kábéèjì mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, Inseop fọ̀ ọ́, Mallye po ata. Inseop bu iyẹ̀pẹ̀ kún báàfù pupa, ó gbin àlùbọ́sà eléwé sí i lẹ́bàá ògiri. Ìyá Yeonju gbé báàfù pupa tiẹ̀ kọjá lórí ògiri pé kó bá òun gbin tòun náà.

Nígbà tí ẹran jinná, Mallye já ewé kan láàárín kábéèjì, ó fi we ẹran, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀. Ó rántí nǹkan kan, ó fà á padà, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lásán wé òmíràn.

“Wò ó dáadáa kí o tó jẹ ẹ́ o,” ó ní. “Wọn ò kọ nǹkan kan sára ọwọ́ yìí.”

Inseop di ọwọ́ náà mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ́fíìsì. Ó la ẹnu dè é.