Omi Ìsàlẹ̀ Ìgò

Ìkòkò kọkàndínlógún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi àlùmọ́gàjí gé ẹ̀wà inú rẹ̀ nídìí, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó gbé e lé ìwọ̀n, ó dúró títí nọ́ńbà fi jókòó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó nawọ́ sí òmíràn. Aago méje àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Láti aago márùn-ún àbọ̀ ló ti wà nínú ilé dígí tí wọ́n ń gbin nǹkan sí, nítorí pé aago mẹ́wàá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ rí èsì ìwádìí rẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè kejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló ń du tábìlì kan ṣoṣo tó wà nínú ilé dígí náà. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá nítumọ̀ ni yóò tún gbin nǹkan síbẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Ẹnì kejì yóò fi odindi ọdún kan dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ìyá Ẹ̀wà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Kò tí ì bímọ, ṣùgbọ́n ìkòkò méjìdínláàádọ́ta ló ń tọ́: oríṣi ẹ̀wà mẹ́rin, ìkòkò méjìlá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn ló ti ń bomi rin ìdajì wọn, tó sì fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún òǹgbẹ, kó lè mọ oríṣi tó lè fara da ọ̀dá. Ìlà mẹ́rin ni àwọn tí òǹgbẹ ń gbẹ wà, oríṣi kan lórí ìlà kan, wọ́n tò tẹ̀ léra bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ wọ kíláàsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kìlọ̀ fún un níbẹ̀rẹ̀ pé kó da oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ra, kí ibi tí ìkòkò wà má baà ṣe ojúsàájú fún oríṣi kankan. Ó gbọ́, ó mi orí, ó sì tò wọ́n bó ṣe wù ú, nítorí pé ara rẹ̀ kì í gba rúdurùdu.

Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ rí bó ṣe yẹ kí wọ́n rí: gíráàmù mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́rin. Ìkòkò kọkàndínlógún, tó ṣáájú nínú ìlà ẹ̀wà pupa lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọn gíráàmù mọ́kànlá. Èyí tó tẹ̀ lé e wọn mọ́kànlá àbọ̀. Ẹ̀wà tí kò mu omi fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, tó wá sanra bí ẹni tó ti ìsinmi dé. Irú èsì báyìí ni wọ́n fi ń gba tábìlì.

Ó ti ìka bọ inú ìkòkò tó gé tán. Iyẹ̀pẹ̀ òkè gbẹ, ti ìsàlẹ̀ tutù. Nígbà tó yọ ìka náà, ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ọ̀dá kì í sì í fi ẹrẹ̀ kun èèyàn níka.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá agbálẹ̀ wọlé pẹ̀lú korobá àti aṣọ ìnulẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, bírò létí. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtàn ni. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀ ni, lórí iṣẹ́ àwọn tí ìtàn iléèwé kì í dárúkọ. Ó ti tó oṣù kan tó ti ń tẹ̀ lé ìyá yìí kiri láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ìyá náà sọ tí kò ní ní kó tún un sọ, Ẹ-Tún-un-Sọ ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. O tún ti jí ṣáájú àkùkọ." Ìyá wo ìlà ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ fà ro. "O ti gé wọn. Àwọn yìí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jọ èèyàn."

Ìyá Ẹ̀wà gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan ń bomi sí wọn ni?"

"Ẹnì kan wo? Èmi ni." Kò jọ ẹni tó mọ ẹ̀bi kankan lára. "Mo rò pé o gbàgbé wọn ni. Mo ní ìwé ló pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ yìí. Tí mo bá ti wọlé, wọ́n á dorí kodò sí mi bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò wá mú nílé ìwé."

"Gbogbo wọn lẹ bomi sí?"

"Omi wo ló máa tó gbogbo wọn? Àwọn ẹ̀bá ilẹ̀kùn nìkan lọwọ́ mi tó. Omi tó bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìgò àwọn ọ̀gá lẹ́yìn ìpàdé ni. Wọ́n á ṣí ìgò, wọ́n á mu ún lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á gbé e jù síbẹ̀. Èmi ò lè da omi tó mọ́ nù. Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Ìyá, ẹ tún un sọ," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí.

"Mi ò tún nǹkan kan sọ. Ṣebí ìwọ lò ń bá mi mú ife dání."

Ìyá Ẹ̀wà yíjú sí i. "O wà ńbẹ̀?"

"Mo wà ńbẹ̀."

"Wọ́n ń bomi sí ohun tí mo fi òǹgbẹ dán wò, o dúró, ò ń wò wọ́n?"

"Ta ló sọ fún mi pé òǹgbẹ lo fi ń dán wọn wò? Ìwọ lo ní iṣẹ́ tèmi kì í ṣe ìwádìí. O ní mo kàn ń tẹ̀ lé korobá kiri ni."

Òótọ́ ni. Ojú èèyàn mẹ́fà ló ti sọ ọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ẹ̀wà wo aago. Ó lè dákẹ́, kó gbé gíráàmù mọ́kànlá lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n, kó sì pe ẹ̀wà pupa ní akọni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, títí àgbẹ̀ kan yóò fi gbìn ín lọ́dún ọ̀dá, tí yóò sì pàdánù oko rẹ̀. Kò fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò lórí ìyẹn. Ohun tó dùn ún ni pé kó da iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlélógún sórí ààtàn.

"Kí lo ń kọ sínú ìwé yẹn gan-an?" ló bi í.

"Gbogbo ohun tí Ìyá bá ṣe."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Tí wọ́n bá sín, ó wà níbẹ̀."

"Kà á fún mi."

Ó ṣí ìwé. "Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ó da ìyókù omi ìpàdé pọ̀, ó jẹ́ ife mẹ́ta. Ó bù ú sí ìkòkò mẹ́fà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìdajì ife fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, 'Ẹ rọra mu ún, ibí yìí kì í ṣe etí odò.'"

Ìyá Ẹ̀wà ti ń kọ ọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ife mẹ́ta. Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn, àyàfi ọjọ́ Ẹtì kejì tí kò sí nǹkan kan nínú ìwé.

"Mi ò wá lọ́jọ́ yẹn," ni Ẹ-Tún-un-Sọ wí. "Eyín ń dùn mí."

"Kò sí ìpàdé lọ́sẹ̀ yẹn ní Ọjọ́bọ̀," ni ìyá dáhùn. "Kò sí ìpàdé, kò sí omi."

Ìyá Ẹ̀wà jáde lọ wo ìwé ìpàdé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá kò purọ́. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n bomi sí ẹ̀wà pupa náà. Ó gba ife náà lọ́wọ́ ìyá, ó gbé e lé ìwọ̀n lófìfo, ó pọn omi kún un, ó tún un wọ̀n. Omi inú rẹ̀ jẹ́ igba gíráàmù. Nítorí náà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gíráàmù ni ìkòkò kọ̀ọ̀kan mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ife kan lójoojúmọ́ ni òun fúnra rẹ̀ ń fún àwọn tó ń bomi rin. Nígbà tó wọn ti pupa nínú wọn, gíráàmù méjìlá ni. Omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá, gíráàmù kan péré lérè. Òun tó máa ń pa iná lẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn, òun ló ń da omi nù jù nínú ilé náà.

Ó gé èyí tó kù, ó wọ̀n ọ́n. Nígbà tí aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì, ó kan ilẹ̀kùn Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ṣáájú ọ̀sán.

"Èsì mi bàjẹ́, sà. Mo sì mọ bó ṣe bàjẹ́, mo mọ ọjọ́ tó bàjẹ́ àti ìwọ̀n omi tó bà á jẹ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ojú ìwé méjì tó gbé wá. "Ta ló to ẹ̀wà pupa sójú kan?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ni mo ní kó o ṣe?"

"Ẹ ní kí n dà wọ́n pọ̀, sà."

"Ó dára. Mo ń rò ó pé bóyá ògiri ni mo bá sọ̀rọ̀." Ó tún kàwé náà, ó sì dúró síbì kan. "Omi tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìgò wa. Tèmi wà níbẹ̀?"

"Ìyá ní tiyín ló máa ń pọ̀ jù, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ìgò omi tó wà níwájú rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ó gbé e, ó mu ún tán, ó sì dé e. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni.

"Ìdáhùn kọ́ lo gbé wá," ló wí. "Oríṣi kan ṣoṣo ló rí omi yẹn mu, a ò mọ ohun tí àwọn mẹ́ta yòókù ì bá ṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó dáa ni: omi tó kéré jù lọ wo ló máa tó ẹ̀wà? Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń du tábìlì gbé ìdáhùn wá lánàá, kò lè sọ ibi tó ti rí i. Tábìlì di tìrẹ. Kọ orúkọ ìyá yẹn síbẹ̀, àti ti ẹni tó kọ nǹkan sílẹ̀. Tó o bá tún tò wọ́n bí ọmọ iléèwé, mo máa gbà á padà."

Títí di ọ̀sán ni Ìyá Ẹ̀wà fi fọ ìkòkò méjìdínláàádọ́ta, tó rọ iyẹ̀pẹ̀ tuntun sí wọn, tó sì gbin ẹ̀wà mìíràn. Ó kọ nọ́ńbà sí bébà pélébé, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú korobá gbígbẹ. Ìyá agbálẹ̀ dijú, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Ẹ-Tún-un-Sọ ń pe nọ́ńbà, Ìyá Ẹ̀wà ń gbé ìkòkò síbi tí nọ́ńbà bá ní. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, tábìlì rí jákujàku, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ó wò ó, ó gbé ọwọ́ bí ẹni fẹ́ tún un tò, ó sì fi ọwọ́ náà sápò.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, títí n ó fi wí, ẹ má ṣàánú wọn."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má wò mí."

Ìyá Ẹ̀wà nu àlùmọ́gàjí, ó bo ìwọ̀n, ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú sí Ẹ-Tún-un-Sọ.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa korobá lọ́jọ́sí, mo ṣì í sọ. Ìwádìí ni iṣẹ́ rẹ."

Ó ti mú bírò kúrò létí. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ, ó rọra sọ ọ́ kó lè rí i kọ tán. Lẹ́yìn náà ló pa iná, ó sì lọ.